Ṣé Àdúrà Ni Èyí Tí À Ń Kà Nínú Ìwé?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín o. Lóṣù tó kọjá mo mẹ́nu bà á pé ìjọ Lutheran ni mo ń lọ, àfi bí ẹni pé mo ṣílẹ̀kùn fún lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ àdúrà, ọ̀rọ̀ ìsìn, ọ̀rọ̀ ìjà láàárín ará, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Mo ti mú díẹ̀ nínú wọn. Kí ẹ tó ka ìdáhùn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe pásítọ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí èmi àti àwọn obìnrin mẹ́ta kan ti ń tọ́jú pẹpẹ nínú ìjọ wa. Àwa là ń fọ aṣọ pẹpẹ, àwa là ń nu ife, àwa là ń pa àbẹ́là nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti jáde tán. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Kátíkísìmù, ìyẹn ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wa. Ohun tí mo fojú rí níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo fi ń dá yín lóhùn.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún tó kọjá ni mo ṣègbéyàwó, mo sì tẹ̀lé ọkọ mi lọ sí ìjọ rẹ̀, ìjọ Lutheran. Níbi tí mo ti wá, bí wọ́n bá ní ká gbàdúrà, kálukú á gbóhùn sókè, a ó máa rìn síwá sẹ́yìn, omi á máa dà lójú wa. Ní ìjọ ọkọ mi, ìwé ni wọ́n ń ṣí. Pásítọ̀ á kà, ìjọ á dáhùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni mò ń gbé lọ síwájú Ọlọ́run. Ṣé àdúrà ni èyí? Mi ò fẹ́ múnú bí ọkọ mi, mi ò sì fẹ́ purọ́ fún Ọlọ́run. — Ìyàwó ilé*

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kò fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ibi tí o ti wá, àdúrà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ariwo lásán ni. Bí o bá dìde lóru, tí ò ń rìn nínú yàrá, tí ò ń ké pe Ọlọ́run, kò sí òfin kankan ní ìjọ Lutheran tó ní kí o má ṣe é. Inú ilé tí wọ́n ti ń gbàdúrà sókè ni wọ́n ti tọ́ èmi náà.

Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, àdúrà tán lẹ́nu mi. Mi ò sọ ọ́ láti fi bínú Ọlọ́run. Ó kàn tán ni, bí omi ṣe ń tán nínú kànga. Mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń lanu, kò sí nǹkan tó ń jáde. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn obìnrin wa wá mú mi nílé, a jọ lọ. Nígbà tí ìsìn dé ibi "Olúwa, ṣàánú fún wa", gbogbo ìjọ dáhùn, èmi ò lè dáhùn. Obìnrin tó jókòó tì mí sún ìwé rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó fi ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó ń sún un lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìjọ ṣe ń kà á. Kò wò mí lójú. Kò sọ pé kí n mára le. Ìka yẹn nìkan ni mo ń wò. Mo ṣì rántí pé ó ti gé èékánná rẹ̀ wọlé dáadáa, àmì ojú abẹ́rẹ́ sì wà ní orí ìka náà, nítorí pé aránṣọ ni. Nígbà tí a fi dé "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run", mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé ohùn mi ni. Àdúrà tí mo ti ń kà láti kékeré, tí mo rò pé inú ìwé ló wà, ó ti wọnú mi lọ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ tèmi ò dé mọ́, ibẹ̀ ló ti ń dúró dè mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ pé àdúrà ni. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tó o ní ò ń gbé lọ síwájú Ọlọ́run yẹn, Jésù fúnra rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní kó kọ́ àwọn láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ló fi sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí ìrora dé ojú ẹ̀ lórí igi, ọ̀rọ̀ tó ké jáde, "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?", ọ̀rọ̀ Sáàmù 22 ni. Àádọ́jọ ni Sáàmù, àdúrà àti orin tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni gbogbo wọn. Ohun tí Olúwa kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀ ni àtúnwí asán, èyí tí èèyàn ń tò jọ kí Ọlọ́run lè tìtorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ gbọ́. Àtúnwí tí ọkàn wà nínú rẹ̀ kì í ṣe asán. Ẹni tó bá ń sọ fún ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ pé ó ṣeun, ṣé asán ló ń sọ?

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí o kíyè sí. Ká tó tọrọ ohunkóhun nínú ìsìn wa, a ti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, pásítọ̀ sì ti sọ fún wa ní orúkọ Jésù pé a ti dárí jì wá. Wo bí ó ṣe tò: Ọlọ́run ló kọ́kọ́ fún wa ní nǹkan. Lẹ́yìn náà la wá ń kọrin, à ń gbọ́ Ìwé Mímọ́, à ń gbọ́ ìwàásù, à ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, à ń gbàdúrà fún aráyé, à ń lọ síbi Oúnjẹ Olúwa, ó sì ń fi ìbùkún rán wa lọ sílé. Àwa a máa sọ pé a fẹ́ lọ sin Ọlọ́run. Ẹ̀kọ́ Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọ wa, ni pé lọ́jọ́ ìsìn, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe ìránṣẹ́ fún wa, ìyìn àti àdúrà wa jẹ́ ìdáhùn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí yé mi, mo dẹ́kun bíbi ara mi pé ṣé mo gbàdúrà tó lónìí.

Ti ìwé tí wọ́n ń ṣí, ìtàn kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó di ìgbà Luther, èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn ní ìlú wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì gbọ́ ọ. Àlùfáà á máa ṣe tirẹ̀ níwájú, ìjọ á máa wòran. Lọ́dún 1522 Luther gbé Májẹ̀mú Tuntun jáde ní èdè Jámánì. Lọ́dún 1524 ìwé orin kékeré kan jáde tó ní orin mẹ́jọ péré nínú, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ tirẹ̀. Ní 1526 ó tẹ ètò ìsìn jáde ní èdè tí ìyá onílé àti àgbẹ̀ ń sọ. Nítorí náà, ìwé tó dà bíi pé ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ yẹn, òun ni wọ́n fi dá ohùn padà fún ìjọ. Ibi tó bá kọ "Ìjọ" sí nínú ìwé yẹn, ìwọ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Mú gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú lọ sílé, kí o fi gbàdúrà láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, bí o ṣe máa ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "Olúwa, ṣàánú fún wa" lo mú, sọ ọ́ sókè, rìn, sunkún bí ẹkún bá dé, kí o máa dárúkọ àwọn èèyàn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ Àìkú míì bá dé, tí ìjọ dé ibẹ̀, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ní ojú àti orúkọ nínú. Bákan náà, nígbà àdúrà ìjọ, tí olórí àdúrà bá dánu dúró díẹ̀, ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Fi orúkọ ẹni tó wà lọ́kàn rẹ síbẹ̀. Sì sọ fún ọkọ rẹ ohun tó o sọ fún mi yìí. Kò ní bínú.

*Ẹ̀yin Màmá, bàbá ọmọ mẹ́ta ni mí, iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í sì í jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, kí n tó dé "ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe", ọkàn mi ti dé ibi iṣẹ́. Lálẹ́, oorun ló ń gbé mi lọ lórí eékún. Ó ń ṣe mí bíi kí n fi àdúrà sílẹ̀ ná, títí ara mi á fi balẹ̀. — Ọkàn mi ń rìn*

Rárá o, ẹ má fi sílẹ̀. Ara kì í balẹ̀ tán láyé yìí.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ kọ irú lẹ́tà yìí. Onígbàjámọ̀ kan wà ní Wittenberg, ìlú tí Luther ń gbé ní Jámánì, Peter Beskendorf lorúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ Luther ni, òun ló sì ń gé irun fún un. Ó ní kí Luther kọ́ òun bí èèyàn ṣe ń gbàdúrà. Èèyàn tó ti di ẹni ńlá, tí àwọn ọba ń bá jà, ló jókòó tó kọ ìwé kékeré kan fún onígbàjámọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1535. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀. Luther ò ṣe bí ẹni tí ọkàn tirẹ̀ kì í rìn. Ó ní nígbà tí iṣẹ́ tàbí èrò mìíràn bá ti mú kí àdúrà tutù lọ́kàn òun, òun á mú ìwé Sáàmù òun, òun á sáré wọ yàrá, tàbí kí òun lọ bá ìjọ níbi tí wọ́n péjọ sí, òun á sì máa ka Òfin Mẹ́wàá àti Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ sókè fún ara òun, bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣe é, títí ọkàn á fi gbóná. Ó ní kí àdúrà jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀ àti ìkẹyìn lálẹ́, kéèyàn sì ṣọ́ra fún èrò tó ń sọ pé, "Dúró ná, jẹ́ kí n parí èyí, màá gbàdúrà tó bá di wákàtí kan sí i."

Ó wá fi iṣẹ́ onígbàjámọ̀ náà ṣàlàyé. Ẹni tó mọṣẹ́ dunjú gbọ́dọ̀ fi ojú àti ọkàn sára abẹ àti irun, kó mọ ibi tó bá a dé. Bó bá ń tàkúrọ̀sọ, tó ń wo ìhín wo ọ̀hún, imú oníbàárà lè lọ, ọ̀fun pàápàá lè lọ. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá ń fẹ́ odindi ọkàn bẹ́ẹ̀, àdúrà náà ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà mọ apá ibi tí iṣẹ́ tiyín kì í ti í gba ìranù. Ojú tí ẹ fi ń ṣe é níbẹ̀, ẹ mú un wá síbi àdúrà.

Ọ̀nà tí ó fi hàn án rọrùn, mo sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹ mú òfin kan, ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yí i po bí ìgbà téèyàn hun òdòdó mẹ́rin pọ̀ di adé: kí ló ń kọ́ mi, kí ni màá fi dúpẹ́, kí ni màá jẹ́wọ́, kí ni màá tọrọ? Ká mú "Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè". Ó kọ́ mi pé Ọlọ́run ka ohun ìní ọmọnìkejì mi sí. Mo dúpẹ́ pé ó fún èmi náà ní ohun tí mo fi ń gbé ayé, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbà á lọ́wọ́ mi. Mo jẹ́wọ́ pé mo jí àkókò níbi iṣẹ́, pé mo jẹ ẹnì kan lówó tí mo sì ń sá fún un. Mo tọrọ ọkàn tó ní ìtẹ́lọ́rùn, mo sì tọrọ ojú láti lọ bá ẹni tí mo jẹ lówó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú òfin mìíràn. Ọkàn tó bá ní ibi tó ń lọ kì í tètè ṣìnà. Luther sì fi kún un pé bí èrò kan bá ṣí sílẹ̀ fún yín nínú àdúrà, tó ń tàn bí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ pa ìyókù tì, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́, torí pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń wàásù.

Mi ò ní bo apá kejì ìtàn náà mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1535 yẹn kan náà, Peter gún ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́bẹ, ọkùnrin náà sì kú. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ìwé àdúrà ni o. Luther ò sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó bá a bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò nílùú dípò kí wọ́n pa á. Ọdọọdún ni mo ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, kíláàsì sì máa ń pa lọ́lọ́ nígbà tí mo bá sọ ọ́ tán.

Ti oorun, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Nínú Kátíkísìmù Kékeré ti 1529, Luther kọ àdúrà àárọ̀ kan àti ti alẹ́ kan. Ó ní nígbà téèyàn bá jí, kó ṣe àmì àgbélébùú, kó sọ pé ní orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, kó ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àti Àdúrà Olúwa, kó wá fi ayọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ti alẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀, ohun tó sì fi parí rẹ̀ ni pé kéèyàn sùn lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìdùnnú. Nítorí náà, ẹ jókòó sórí ibùsùn, ẹ ṣe àmì àgbélébùú, ẹ gba àdúrà kúkúrú náà, kí ẹ sì sùn. Sísùn náà wà nínú ìgbọràn.

*Màmá, èmi àti obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin jọ ní èdè-àìyedè lórí owó ẹgbẹ́. Ó sọ̀rọ̀ kan sí mi lójú gbogbo èèyàn. Oṣù mẹ́rin nìyí. Bí pásítọ̀ bá ní ká fún ara wa ní àlàáfíà, mo máa ń tẹrí ba bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì. Mo ti dẹ́kun lílọ síbi Oúnjẹ Olúwa, kí n má baà jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú. Ṣé mo ṣe dáadáa? — Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn*

Arábìnrin mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dùn ju ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀rù Ọlọ́run tó wà nínú yín ò burú. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin láìjẹun kì í wo àìsàn.

Ohun tí Kátíkísìmù fi kọ́ wa ni pé ẹni tó yẹ ní tòótọ́ síbi tábìlì yẹn ni ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́: "tí a fi fún yín, tí a ta sílẹ̀ fún yín, fún ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀." Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n tẹ́ tábìlì náà fún. Síbẹ̀, Jésù náà ló sọ nínú Mátíù 5 pé bí o bá mú ọrẹ rẹ dé ibi pẹpẹ, tí o sì rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, fi ọrẹ náà sílẹ̀, kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó rántí ló ń dìde.

Ẹ dìde láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ara ń kán kálukú. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ má mú ẹlẹ́rìí dání, ó máa dà bí ẹjọ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn dùn yín, àti pé ẹ fẹ́ kí àlàáfíà padà wá. Bí apá kan bá wà tí ẹ̀yin náà jẹ̀bi, ẹ sọ ọ́ kó tó sọ ọ́. Bí kò bá gbà, ẹ ti ṣe tiyín, ẹ wá sọ fún pásítọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ pé ìjẹ́wọ́ ìdákọ́ńkọ́ wà ní ìjọ Lutheran. Ìjẹ́wọ́ Augsburg ti 1530, ìwé tí àwọn ìjọ Lutheran fi sọ ohun tí wọ́n gbàgbọ́, sọ ọ́ ní orí kọkànlá pé kí a má pa á rẹ́. Ẹ lè jókòó ti pásítọ̀ yín, kí ẹ sọ gbogbo ìbínú náà bó ṣe rí, kí ó sì dárúkọ yín kó sọ pé Ọlọ́run ti dárí jì yín. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi máa ń rí. Aṣọ funfun kékeré kan wà tí wọ́n fi ń nu ẹnu ife lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo máa ń mú un lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú láti fọ. Kí n tó rẹ ẹ́ sínú omi tútù, mo máa ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àmì wáìnì á ti kún un, ọ̀kan lórí èkejì, ọ̀dà ètè mìíràn á wà níbẹ̀. Mo mọ àwọn tó bára wọn jà nínú ìjọ wa, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wo aṣọ yẹn, mi ò tíì mọ àmì ètè ta ni èyí àti àmì ètè ta ni ìyẹn. Ó wù mí kí tiyín padà síbẹ̀.

*Kí ló dé tí àwọ̀ aṣọ pẹpẹ ń yí padà? Ọmọ mi bi mí, mi ò rí i dáhùn.*

Àkókò ni aṣọ náà ń sọ. Elésè àlùkò ni fún Ádífẹ́ńtì, ìyẹn ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ṣáájú Kérésìmesì (àwọn ìjọ míì ń lo aró), òun náà ni fún ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì. Funfun ni fún Kérésìmesì àti Àjíǹde. Pupa ni fún Pẹ́ńtíkọ́sì, àti fún ìrántí Àtúnṣe Ìjọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Àwọ̀ ewé ló ń gba ìyókù ọdún, nígbà tí a kàn ń dàgbà nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹ mú ọmọ náà wá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, bí ìjọ yín bá ń ṣe é. Ní ìjọ tiwa, nígbà tí wọ́n bá ń ka Sáàmù 22, àwa mẹ́rin á máa ká gbogbo nǹkan kúrò lórí pẹpẹ, aṣọ, ife, àbẹ́là, ìwé, láìsọ̀rọ̀, títí pákó pẹpẹ á fi wà ní ìhòòhò. Ọmọ tó bá rí i kò tún ní béèrè ohun tí àwọ̀ wà fún.

*Mo wà ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó wá láti ìjọ mi. Nígbà tí mo padà, ẹnì kan ní, "A ò rí ẹ fún ìgbà díẹ̀." Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀. — Ẹni tí wọ́n gbàgbé*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ ìjọ yín, àmọ́ mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí. Obìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi wá, mi ò sì kíyè sí i. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, ìwé ìsìn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti ń dá ka apá ti pásítọ̀, ó ń dá ka apá ti ìjọ. Ó ní, "Mò ń dá ara mi lóhùn." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe yín. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Nínú ìwé tí Luther kọ fún ìpàdé tí àwọn aládé tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ní ìlú Schmalkalden ní 1537, ó ka ọ̀nà tí ìhìn rere ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa: ìwàásù, ìrìbọmi, Oúnjẹ Olúwa, ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fi ọ̀kan kún un, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìtùnú tí àwọn ará ń bá ara wọn sọ. Ó tò ó mọ́ ìrìbọmi! Nígbà tó sì ń ṣàlàyé "oúnjẹ òòjọ́ wa" nínú Kátíkísìmù, ó ka ọ̀rẹ́ tòótọ́ àti aládùúgbò rere mọ́ ọn. Ìjọ tí kò bẹ aláìsàn wò ti fi ebi pa á.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ èyí. Ní Leisnig, ní Jámánì, lọ́dún 1523, ìjọ fohùn ṣọ̀kan láti ní àpótí owó kan fún àwọn aláìní, àwọn arúgbó àti ọmọ òrukàn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé e sí, kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣí i: ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀kan lọ́wọ́ ará ìlú, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹnì kan ò lè dá a ṣí. Luther fọwọ́ sí ètò náà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Mo máa ń ronú nípa ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ipò wọn jìnnà síra wọn á tẹ̀ ba lórí àpótí kan nítorí opó kan.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ sọ ọ́. Ẹ pe pásítọ̀ tàbí alàgbà kan, kí ẹ sọ fún un pé: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sùn sí ọsibítù, ẹ ò wá, ó sì dùn mí gan-an. Kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin ló máa sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì wà lórí ibùsùn báyìí. Ní ìjọ tiwa, láti ọjọ́ tí mo ti ti ilé obìnrin yẹn dé, àwa tí à ń tọ́jú pẹpẹ kì í jáde ká tó dúró níwájú, ká kọjú sí àwọn àga, ká wò wọ́n láti ìlà iwájú dé ẹ̀yìn, ká sì bi ara wa pé: ta ni kò sí níbẹ̀ lónìí? Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Orúkọ tó bá jáde, ẹnì kan á gbà á, kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé èyí fún wọn. Bí wọ́n bá gbọ́, tí wọn ò sì ṣe nǹkan kan, ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Ní oṣù tó ń bọ̀ ni a fẹ́ dúró níwájú ìjọ láti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wa, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé mo gbàgbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kà á bí ẹni tí ó dá lójú. Ṣé kí n yọ orúkọ mi kúrò?*

Ọmọ mi àtàtà, má tíì yọ ọ́. Ṣí Kátíkísìmù rẹ sí abala kẹta Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, níbi tí wọ́n ti ń sọ nípa Ẹ̀mí Mímọ́. Ka ìtumọ̀ tó wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí pé mo gbàgbọ́ pé kì í ṣe nípa òye tàbí agbára ara mi ni mo fi lè gba Jésù Kristi Olúwa mi gbọ́. O rí i? Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí o gbàgbọ́ níbẹ̀ ni pé kò sí lágbára rẹ. Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń fi ìhìn rere pe èèyàn, òun ló ń pa á mọ́ pẹ̀lú gbogbo ìjọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ohùn wọn le yẹn, mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀, mo sì mọ̀ pé méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn ń bi ara wọn ní ìbéèrè tí ìwọ ń bi mí yìí.

Kọ ibi tí kò dá ọ lójú sílẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó, kí o gbé e fún olùkọ́ rẹ ní Sátidé. Má tún un kọ kó lè dùn. Lọ́jọ́ Àìkú yìí, nígbà tí ìjọ bá dìde láti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, má ṣe jókòó sẹ́yìn. Dúró sáàárín àwọn èèyàn. Sọ ibi tí o bá lè sọ. Ibi tí ẹnu rẹ kò bá ti gbà á, dákẹ́, kí o fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kí o máa sún un lọ bí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bá ṣe ń sọ ọ́.